Ìwúkàrà Tó Kó Ayé Jọ: Láti Ìdí Ọ̀pẹ Dé Àpérò Àgbáyé

(Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí rédíò, fún àwọn olùgbọ́ ní Ṣómólú, Bàrígà àti àyíká wọn)



Ní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì díẹ̀ kó ara wọn jọ sí Carbondale, ìlú kan tí kò tóbi ní ìpínlẹ̀ Illinois lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọn ò pọ̀ rárá. Ohun alààyè kan ṣoṣo ló kó wọn jọ, èyí tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i: ìwúkàrà, tí gbogbo oníbúrẹ́dì Èkó mọ̀ sí yíìsì. Oníkálukú fẹ́ sọ ohun tó ti rí nípa bí ó ṣe ń bímọ, bí àbùdá òbí ṣe ń dé ara ọmọ, àti ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ tó fi wà láàyè. Àpérò náà kò dáwọ́ dúró láti ìgbà yẹn. Ó ti di ti àgbáyé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló sì ń wọkọ̀ òfurufú lọ síbẹ̀. Ó dé Lisbon ní 1995. Ó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà ní 1997, nígbà tí Stellenbosch ní South Africa gbà á lálejò. Ó kọjá sí Rimini ní 1999 àti Prague ní 2001, ó sì ti dé Gothenburg ní Sweden ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kò tíì yà sí Èkó. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ rin ayé já yìí wà ní Bàrígà lójoojúmọ́. Ó wà nínú ìyẹ̀fun pípò ní ilé búrẹ́dì, ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó ń hó níwájú ẹlẹ́mu, àwọn ìbátan rẹ̀ sì wà lára èso tó ti ń rà lọ́jà. Ó tún wà níbì kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀: nínú àwọn ìwádìí tó lókìkí jù lọ tí àwọn èèyàn àpérò yẹn ń gbé jáde. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti inú ọtí tí àwọn èèyàn wa fọwọ́ ara wọn ṣe, ni díẹ̀ nínú àwọn ìwúkàrà tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà ti lọ. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe lọ, àti ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa wọn nígbà tí wọ́n ń lọ, ni ètò òní dá lé.

Kí ni ìwúkàrà gan-an? Ìbátan olú ni. Ẹbí kan náà ni òun, olú tí àwọn ìyá wa ń ká lóko, àti ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tí a gbàgbé sínú ọ̀rá títí tó fi hùkàsì. Ọ̀pọ̀ nínú ẹbí yìí ló ní òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń nà káàkiri inú ohun tí wọ́n bá ń jẹ. Ìwúkàrà ní tirẹ̀ kò ní irú òwú bẹ́ẹ̀: sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, roboto. Bí a bá to igba rẹ̀ sí ìlà kan, gbogbo wọn kò ní gùn ju mìlímítà kan lọ. Bí ó bá fẹ́ bímọ, kókó kan á yọ lára rẹ̀, kókó náà á máa tóbi, ìyá á ṣe ẹ̀dà gbogbo àbùdá rẹ̀ sínú rẹ̀, ọmọ á sì já kúrò. Bí oúnjẹ bá wà tí ooru sì tó, nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ojú ibi tí ọmọ ti já kì í parẹ́ lára ìyá, àpá rẹ̀ á wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń ka àpá wọ̀nyí lábẹ́ míkírósíkóòpù, wọ́n sì ti mọ̀ pé ìyá kan kì í sábà bí ju ogún sí ọgbọ̀n ọmọ lọ kí agbára rẹ̀ tó tán. Orí àpá kíkà yìí ni ẹ̀ka ìmọ̀ kan ti dìde, èyí tó ń wádìí ìdí tí ohun alààyè fi ń darúgbó.

Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá jẹ ṣúgà, ohun méjì ló ń tú jáde, gáàsì àti ọtí. Gáàsì ni oníbúrẹ́dì ń fẹ́. Òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun wú, iná ààrò á sì lé ọtí ibẹ̀ lọ. Ọtí ni ẹlẹ́mu ń fẹ́. Gáàsì tirẹ̀ ni ìfòòfó tó ń kún ẹnu kẹ́ẹ̀gì, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi í dé kẹ́ẹ̀gì ẹmu pinpin.

Ní ti búrẹ́dì, ìtàn Èkó kò lè fo orúkọ Amos Shackleford. Ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà ni, ó sì dé Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ní 1921, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, tí kò jìnnà sí Ṣómólú. Òun ló mú ẹ̀rọ tó ń lọ ìyẹ̀fun pípò títí yóò fi dán, tí yóò sì máa fà, wọ ìlú. Irú ẹ̀rọ yìí ló wà nídìí búrẹ́dì tó ki, tó sì rọ̀, èyí tí a mọ̀ sí búrẹ́dì Àgége lónìí. Kí ìwúkàrà inú agolo tó kún ọjà, ẹmu ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń pò ìyẹ̀fun. Wọ́n á da ẹmu tó ń hó sí i, wọ́n á bò ó, wọ́n á sì dúró kó wú. Irú ohun alààyè kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Saccharomyces cerevisiae ni orúkọ tí sáyẹ́ǹsì fún un.

Ẹmu ló lọ́rọ̀ jù. Omi ọ̀pẹ kò ní ọtí nínú nígbà tó bá ń kán jáde, ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Adẹ́mu kì í sì í fi ìwúkàrà kankan sí i. Ìwúkàrà ń fúnra rẹ̀ wọlé ni: láti ẹnu ọ̀bẹ, láti inú akèrègbè àná tí a kò fọ̀ mọ́ tán, láti ẹsẹ̀ kòkòrò tó ń bà lé ojú ibi tí a dá. Láàárín wákàtí díẹ̀, ṣúgà ti ń di ọtí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, àwọn bakitéríà á ti máa gba ipò, ẹmu á bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbé ẹmu bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú tàbí Àgbádárìgì fi ń sáré kí ó lè tètè dé Bàrígà.

Àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa kò fojú kéré ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú akèrègbè yìí. Olumbe Bassir ti Ìbàdàn tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí bí omi ọ̀pẹ ṣe ń di ọtí jáde ní 1962, ọdún kan náà tí wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀. Òun àti S. I. Faparusi tún padà sórí àwọn ohun tíntìntín inú ẹmu ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nduka Okafor kọ nípa ìwúkàrà inú ẹmu láti apá ibi mélòó kan ní Nàìjíríà ní 1972. Ní 1993, A. I. Sanni ti Yunifásítì Ìbàdàn àti C. Lönner to orúkọ àwọn ìwúkàrà tí wọ́n bá pàdé nínú àwọn ọtí ìbílẹ̀ wa. Iṣẹ́ sùúrù ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ó fún ìwúkàrà ní ṣúgà yìí wò, ẹ ó fún un ní tọ̀hún wò, ẹ ó kọ èyí tó jẹ àti èyí tó kọ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì wo ìrísí rẹ̀ lábẹ́ awò. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ka DNA lọ́wọ́ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ó yẹ kí ọmọ tó ń kọ́ báyọ́lọ́jì ní CMS Grammar School ní Bàrígà, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, mọ orúkọ Bassir àti Okafor gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ orúkọ Mendel.

Nígbà náà, kí ló dé tí ayé fi yan ìwúkàrà láti kọ́ ìmọ̀ àbùdá? Àkọ́kọ́, kò náni lówó púpọ̀. Ṣúgà, omi, èròjà díẹ̀ àti ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó fa àwọn ará Carbondale mọ́ra ju ìyẹn lọ ni pé ìwúkàrà máa ń gbéyàwó. Øjvind Winge ní Carlsberg ní Denmark ṣí ojú ọ̀nà yìí láàárín àwọn ọdún 1930, Carl Lindegren, tó wá ṣiṣẹ́ ní Carbondale, sì mú un gòkè. Oríṣi méjì ni ìwúkàrà, oríṣi kọ̀ọ̀kan ń tú èròjà kan jáde tí èkejì ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á dà pọ̀ di ọ̀kan. Bí ebi bá wá pa ẹni tí wọ́n dà yìí, á pín ara rẹ̀ sí ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn nínú àpò kan ṣoṣo. Onímọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n á fi abẹ́rẹ́ gíláàsì ya ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀ lábẹ́ awò, á jẹ́ kí oníkálukú gbèrú, á sì wo èyí tó jogún bàbá àti èyí tó jogún ìyá. Nínú èèyàn, ìran kan ń gba nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní ti ìwúkàrà, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ti tó láti rí ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Kì í ṣe ìwúkàrà nìkan ni ẹbí olú yìí fi ta sáyẹ́ǹsì lọ́rẹ. Neurospora, tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lára búrẹ́dì, ni George Beadle àti Edward Tatum lò ní 1941 láti fi hàn pé jíìnì ló ń darí iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1958. 

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwúkàrà. Ní Seattle, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Leland Hartwell ń wá ìwúkàrà tí jíìnì kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Bí ooru bá wà ní ìwọ̀n 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n ń bímọ bó ti yẹ. Bí ó bá gòkè dé 36, iṣẹ́ ìbímọ á dúró lójú kan, ibi tí oníkálukú dúró sí ló sì ń fi iṣẹ́ jíìnì tó bàjẹ́ hàn. Paul Nurse ní orílẹ̀-èdè Britain ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwúkàrà mìíràn, Schizosaccharomyces pombe, tí Paul Lindner ara Jámánì kọ nípa rẹ̀ ní 1893 lẹ́yìn tó rí i nínú ọtí ọkà láti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ní 1987, Melanie Lee àti Nurse fi jíìnì èèyàn sínú ìwúkàrà tí irú jíìnì bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Ìwúkàrà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín padà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Ó ti lé ní bílíọ̀nù kan ọdún tí baba ńlá èèyàn àti ti ìwúkàrà ti yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, síbẹ̀ jíìnì ti ọ̀kan ṣì lè ṣe iṣẹ́ ti èkejì. Jẹjẹrẹ ni sẹ́ẹ̀lì tó ń pín nígbà tí kò yẹ kó pín. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ohun tó ń sọ fún ìwúkàrà pé kó pín tàbí kó dúró ti rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ jẹjẹrẹ. Hartwell, Nurse àti Tim Hunt pín ẹ̀bùn Nobel ti 2001. Yoshinori Ohsumi ará Japan gba tirẹ̀ ní 2016, nítorí pé ó wo ìwúkàrà tí ebi ń pa títí ó fi rí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹ ohun tó ti gbó nínú ara rẹ̀ kí ó lè yè.

Iṣẹ́ yìí ti dé àgọ́ ìlera àdúgbò. Kí ọdún 1986 tó dé, láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti kó àrùn mẹ́dọ̀wú B ni wọ́n ti ń ṣe àjẹsára rẹ̀. Ní ọdún yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí èyí tí ìwúkàrà ń ṣe ní Amẹ́ríkà: wọ́n fi jíìnì kan láti ara fáírọ́ọ̀sì náà sínú ìwúkàrà, ìwúkàrà ń ṣe ìbòrí fáírọ́ọ̀sì láìsí àrùn nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gún ọmọ tuntun ní Ṣómólú lónìí jẹ́ ọmọ iṣẹ́ yẹn, yálà ìwúkàrà yìí ni wọ́n fi ṣe é tàbí ìbátan rẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà lè máa lo insulin tí ìwúkàrà ṣe.

Ní 1996, àwọn onímọ̀ tó lé ní 600, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ilé ìwádìí, ka gbogbo DNA ìwúkàrà tán: kúrómósómù 16, lẹ́tà DNA nǹkan bíi mílíọ̀nù 12, jíìnì nǹkan bí 6,000. André Goffeau ará Bẹ́ljíọ̀mù ló ṣáájú wọn. Nínú gbogbo ohun alààyè tí sẹ́ẹ̀lì wọn ní àpò inú tó ń gbé DNA pamọ́ bíi ti èèyàn, òun ni ayé kọ́kọ́ kà tán. Ní 2015, ẹgbẹ́ Edward Marcotte ní Texas fi jíìnì èèyàn dípò ti ìwúkàrà lọ́kọ̀ọ̀kan, jíìnì 414 tí ìwúkàrà kò lè wà láàyè láìsí wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nínú wọn tó ṣiṣẹ́.

Bí àwọn onímọ̀ ìwúkàrà ṣe ń bá ara wọn lò ni ó mú kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Ní 1970 ni Gerald Fink àti Fred Sherman bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn ní ìmọ̀ ìwúkàrà ní Cold Spring Harbor ní New York, ọ̀pọ̀ tó wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá rí ìwúkàrà tuntun kò ní fi pamọ́. Á kán an sórí bébà kékeré kan, á jẹ́ kó gbẹ, á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó béèrè nínú àpòòwé lásán. Nínú àpérò, iṣẹ́ tí a kò tíì tẹ̀ jáde ni wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri kí gbogbo ènìyàn lè wá ṣe àríwísí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ẹni tó gba Nobel á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á jọ máa jiyàn. Irú ìwà báyìí yẹ ní fífarawé ní Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá nìkan.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú gbogbo iṣẹ́ ńlá yìí. Ìwúkàrà tí wọ́n kà ní 1996 jẹ́ ọmọ ìdílé kan ṣoṣo. S288c ni wọ́n ń pè é. A mọ orírun púpọ̀ jù lọ nínú àbùdá rẹ̀ dáadáa: ìwúkàrà kan tí Emil Mrak yà sọ́tọ̀ lára èso ọ̀pọ̀tọ́ tó ń jẹrà ní Merced, ní California, ní 1938. Ìlú wà, ọdún wà, èso wà, orúkọ ẹni tó mú un wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ayé mọ̀ nípa ìwúkàrà ni ohun tí ọmọ inú ọ̀pọ̀tọ́ yìí sọ fún wọn.

Ní 2009, Gianni Liti, Edward Louis àti àwọn alájọṣe wọn gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n ka DNA ìwúkàrà tó lé ní 70, ti S. cerevisiae àti ti ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú igbó, láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Nínú S. cerevisiae, ìdílé márùn-ún ló dá yàtọ̀ gedegbe: ti wáìnì Yúróòpù, ti ọtí ìrẹsì Japan, ti Àríwá Amẹ́ríkà, ti Malaysia, àti ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìdílé tiwa dúró láàyè ara rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ka ti òyìnbó.

Ta ló ṣojú wa? Ọ̀kan ń jẹ́ DBVPG6044, tí wọ́n tọ́jú sí Perugia ní Ítálì. Èkejì ń jẹ́ NCYC110, tí ó wà ní Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ọtí ìbílẹ̀ kan tí wọ́n pè ní bílì ni ti àkọ́kọ́ ti wá, inú ọtí atalẹ̀ sì ni ti èkejì. Ní ti ibi tí wọ́n ti wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìwádìí 2009 yẹn kọ sí iwájú àwọn méjèèjì: Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìyẹn ni pé láti Dakar dé Kàlàbá, ibikíbi ni wọ́n lè ti wá.

Iṣẹ́ tí DBVPG6044 ti ṣe kò kéré. Ní 2011, Leopold Parts, Liti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi gbé ìwúkàrà YPS128 níyàwó, èyí tí wọ́n rí nídìí igi óákì ní Pennsylvania. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn máa fẹ́ ara wọn títí di ìgbà méjìlá, àbùdá òbí méjèèjì sì pò mọ́ ara wọn nínú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọmọ. Wọ́n wá gbé gbogbo wọn sínú ooru ìwọ̀n 40, wọ́n sì wo àwọn tó yè. Nígbà tí wọ́n ka DNA àwọn tó kù, ibi 21 lára kúrómósómù ló fara hàn pé ó ní ọwọ́ nínú ìfaradà ooru. Ooru ni wọ́n ń wádìí, ọmọ ilẹ̀ olóoru sì ni ọ̀kan nínú òbí méjì náà. A ò wá mọ ìlú rẹ̀. A ò lè padà sí ibi tí wọ́n ti mú un, kí a wọn ooru ibẹ̀, kí a sì mú ọmọ ìyá rẹ̀ wá fún àfiwé. Àdánù ìmọ̀ nìyẹn, ó sì dunni, nítorí pé ọ̀rọ̀ iyì nìkan kọ́. Ìwúkàrà kan náà yìí tún wà lára òbí mẹ́rin tí wọ́n fi bí àwùjọ ńlá mìíràn tí wọ́n tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2013.

Ẹ fi èyí wé ti ìwúkàrà mìíràn tó ń jẹ́ PW5. Inú ògùrọ̀, ní Aba, ní ìpínlẹ̀ Abia, ni wọ́n ti rí PW5. Orúkọ ìlú wà níwájú rẹ̀, oríṣi igi wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ padà lọ mọ ọ̀nà. Ní 2009 yẹn kan náà, O. U. Ezeronye ti Umudike àti Jean-Luc Legras ará Faransé tẹ ìwádìí jáde lórí àbùdá ìwúkàrà inú ẹmu apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì fi wọ́n wé ti ibòmíràn ní Áfíríkà. Nígbà tí Joseph Schacherer àti Liti ṣáájú ẹgbẹ́ tó ka ìwúkàrà 1,011 ní 2018, ti inú ẹmu Áfíríkà tún fara hàn ní ìdílé tirẹ̀. Ìwádìí náà tọ́ka sí ìhà Ṣáínà gẹ́gẹ́ bí orírun gbogbo wọn. Ọ̀nà wo ló wá gbà dé ìdí ọ̀pẹ wa, láti ìgbà wo? Àwọn tí ọ̀pẹ wà lẹ́yìnkùlé wọn ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde lọ wá ìdáhùn.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ní Àkọkà. Láti ẹnu ọ̀nà yunifásítì dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu ní Bàrígà, ẹsẹ̀ lè rìn ín. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì Bàrígà nìkan kò tó, nítorí pé ẹmu abúlé mẹ́ta lè ti pò pọ̀ nínú rẹ̀. A ní láti bá ẹlẹ́mu dé ọ̀dọ̀ adẹ́mu, kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sọ ohun tí a fẹ́ fi ẹmu rẹ̀ ṣe ní èdè tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kíkọ: ọ̀pẹ ni tàbí ògùrọ̀, orúkọ abúlé, ọjọ́, aago tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wákàtí mélòó ló ti wà nínú akèrègbè, bí ooru ṣe tó, orúkọ adẹ́mu bí ó bá gbà kí a kọ ọ́, àti orúkọ ẹni tó bu ẹmu náà.

Ohun tó kù kì í ṣe idán. Ẹ̀kán ẹmu kan, tí a là dáadáa, á lọ sórí àwo tó ní oúnjẹ ṣúgà àti oògùn tí kì í jẹ́ kí bakitéríà hù. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, àwọn àmì funfun roboto á yọ. A ó mú ọ̀kan, a ó tún un gbìn sórí àwo tuntun kí ó lè dá wà, a ó sì wò ó lábẹ́ awò. DNA kíkà lè wá lẹ́yìn, kódà lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bí àkọsílẹ̀ bá ti pé.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé iná mànàmáná ni kò jẹ́ kí a lè tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé, torí pé fíríìsà tó tutù dé ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo kò gbọ́dọ̀ kú. Òótọ́ ni pé irú fíríìsà bẹ́ẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tí a gbẹ sórí bébà asẹ́, tí a dì mọ́ èròjà tó ń fa omi nínú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, lè wà fún ọdún púpọ̀ láìlo iná rárá. Ṣómólú ní àwọn atẹ̀wé tó lè tẹ ìwé àkọsílẹ̀ tó ní nọ́ńbà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta: ọ̀kan fún yàrá àyẹ̀wò, ọ̀kan fún ilé ìkàwé yunifásítì, ọ̀kan fún adẹ́mu. Nọ́ńbà tó wà lórí ewé adẹ́mu ni kí ó wà lára ike, òun náà ni kí wọ́n kọ sínú ìwádìí lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni, ní Perugia tàbí ní Gothenburg, bá fi ìwúkàrà náà ṣiṣẹ́.